Ohun Tó Sún Mọ́ Àyà

Ẹ̀rín ni Risten kọ́kọ́ fi pàdé Eilif. Ọkùnrin náà dúró lórí adágún tó ti dì lẹ́yìn ìlú Karasjok, ó ń fẹ́ èémí sójú kámẹ́rà rẹ̀ kó lè nù ún. Èémí ọ̀hún sì ń di yìnyín mọ́ gíláàsì lójú ẹsẹ̀.

"Ṣé ò ń nù ún ni, àbí ò ń gbàdúrà fún un?" Risten bi í.

"Mo ń nù ún ni."

"O ti fọ́ ọ lójú. Gbé e wá."

Iléeṣẹ́ kan tó ń ta aṣọ òtútù ló rán Eilif wá láti Oslo kó wá ya fọ́tò ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ wọn. Ọmọ adaran àgbọ̀nrín, irú ti ilẹ̀ òtútù tí wọ́n ń sìn bíi màlúù, ni Risten, òun ni wọ́n gbà kó máa fọ̀nà hàn wọ́n. Kó tó di ọ̀sán, bátìrì mẹ́ta ti kú, wáyà iná ti kán bí igi gbígbẹ, òtútù sì ti jó ọmọbìnrin tí wọ́n ń yà lẹ́rẹ̀kẹ́. Risten kó bátìrì tó kù, ó kì wọ́n sábẹ́ aṣọ rẹ̀, mọ́ àyà.

"Ohun tí o ò bá fẹ́ kó kú níbí, àyà rẹ ni kí o fi sí," ó ní. "Má fi sínú ẹrù."

Nígbà tí Eilif gbà wọ́n padà, wọ́n ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó máa ń sọ pé ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti mú òun.

Ọdún mẹ́ta ló fi ń wá nígbà òtútù. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà sínú ọ̀rá níta kí wọ́n tó gbé e wọ ilé tó gbóná, kí omi má bàa sẹ̀ sí i lára. Kò gbàgbé rẹ̀ rí, ì báà rẹ̀ ẹ́ títí.

"Èmi ń jowú kámẹ́rà yìí o," Risten á ní. "Wò ó bó o ṣe ń pọ̀n ọ́n."

"Ìwọ lo kọ́ mi, ọkàn mi."

Ṣùgbọ́n orí ìka Eilif méjì ti dúdú, nítorí bíbọ́ ìbọ̀wọ́ láti tẹ kámẹ́rà. Biret, ìyá Risten, rí wọn, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀.

"Ẹni tó lè torí fọ́tò bọ́ ìbọ̀wọ́ tara ẹ̀, á bọ́ tẹlòmíì lọ́jọ́ kan," ó ní.

"Ìyá Risten, fi wọ́n sílẹ̀," Mihkkal, ọkọ rẹ̀, dá a lóhùn. "Ẹni tó fara da òtútù wa, á fara da ìwọ náà."

Bí àwọn òbí ṣe fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà nìyẹn. Ọdún Àjíǹde, tí àwọn ará ibẹ̀ máa ń ṣègbéyàwó, ni wọ́n dá. Biret ń kùn, ó sì ń rán aṣọ ìyàwó lọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí Eilif ní òun fẹ́ ya fọ́tò kan péré sí i lórí òkè. Mihkkal ní òun máa fi alùpùpù orí yìnyín gbé e lọ. "Kí n mọ ẹni tí mò ń fọmọ fún," ó ní.

Alùpùpù kú mọ́ wọn lọ́wọ́ lórí òkè. Eilif yọ fóònù nínú ẹrù, òtútù ti pa á. Ni wọ́n bá ń fẹsẹ̀ rìn. Nígbà tí òtútù pa ọwọ́ Eilif débi tí kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, Mihkkal bọ́ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀, ó fi wọ̀ ọ́.

Àwọn méjèèjì yè é. Ṣùgbọ́n wọ́n gé ìka mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún Mihkkal. Ọwọ́ yẹn ló fi ń ju okùn mú àgbọ̀nrín, òun ló fi ń fọ̀bẹ kọ àmì ìdílé sétí ọmọ àgbọ̀nrín.

"Ibo lo fi fóònù sí?" Risten bi Eilif ní ọsibítù.

"Inú ẹrù."

"Kí ló wà láyà rẹ?"

Eilif nawọ́ sí tábìlì. Nọ́ọ̀sì ti kó ohun tó bá láyà rẹ̀ síbẹ̀: bátìrì kámẹ́rà mẹ́rin, kò sí èyí tó kú nínú wọn. Risten jáde, ó sunkún débi tí ohùn rẹ̀ há.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, agogo ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíràn ń dún. Eilif kanlẹ̀kùn ilé wọn, ó wọlé, kámẹ́rà wà lọ́rùn rẹ̀.

"Mo ti dárí jì í," Mihkkal sọ fún ọmọ rẹ̀. "Má torí ọwọ́ mi ba ayé ara rẹ jẹ́."

Kámẹ́rà ni Risten ń wò. Omi ti bò ó, ó ń kán sílẹ̀.

"O ò dì í sínú ọ̀rá."

"Mo gbàgbé. Ìwọ nìkan ni mò ń rò bọ̀, Risten."

Ọ̀rọ̀ tí Risten ti ń retí láti ọdún mẹ́ta nìyẹn, ó sì dùn ún wọra pé ó pẹ́ kó tó dé.

"Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, mi ò ní purọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń bá bàbá mi de okùn bàtà láràárọ̀. Mi ò lè máa ti ibẹ̀ wá sùn tì ọ́."

Eilif mi orí, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Má tíì gbé e jáde," Risten sọ. "Omi inú rẹ̀ á dì, á bà á jẹ́. Jẹ́ kó gbẹ."

Ó bá jókòó. Biret, tí kò gba tiẹ̀ rí, bu kọfí fún un, ó sì fi wàràkàṣì sí i bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọ ilé. Omi ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ lára kámẹ́rà, Risten sì ń bẹ omi náà nínú ọkàn rẹ̀ pé kó rọra.

Nígbà tó yá, ojú gíláàsì mọ́ kedere. Àwọn méjèèjì rí i, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mihkkal fi ọwọ́ òsì gbé ife rẹ̀, ó yẹ̀, kọfí dà sórí tábìlì. Risten dìde, ó nu tábìlì, ó nu ọwọ́ bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan kámẹ́rà.

"Ó ti gbẹ," ó ní.