Kọ́kọ́rọ́ Tí Pẹ̀lúmi Gbé Síta

"Pẹ̀lúmi, ta ló kọ́ kọ̀ǹpútà yìí ní ìkíni?"

Gbéminíyì ló béèrè bẹ́ẹ̀. Ó yọ orí láti ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà náà tìyanu-tìyanu. Inú ṣọ́ọ̀bù kékeré tí Àǹtí Fọláyẹmí ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Uwasota nílùú Benin ni wọ́n wà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé ni. Kò sí àwòrán kankan tí èèyàn lè tẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà náà. Ojú dúdú kan ni, níbi tí èèyàn ti ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n ti Pẹ̀lúmi kì í ṣe dúdú lásán mọ́. Ó ti fi àwọ̀ ewé àti àwọ̀ òféfèé ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, bó bá sì ti ṣí i báyìí, á kí i pé: "O kú iṣẹ́ o, Olúwapẹ̀lúmi ọmọ Àkúrẹ́."

"Èmi náà ni," ni Pẹ̀lúmi fèsì, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Fáìlì kan wà tí kọ̀ǹpútà máa ń kọ́kọ́ kà kó tó dá èèyàn lóhùn. Ohunkóhun tí mo bá fún lórúkọ níbẹ̀, kò ní gbàgbé ẹ̀. Mo sọ orúkọ mi fún un, mo sọ àwọ̀ tí mo fẹ́, mo sọ ibi tó ti máa wá iṣẹ́ mi. Ó ti di tèmi nìyẹn."

"Ah-ah! You too sabi!" ni Gbéminíyì kígbe.

Àǹtí Fọláyẹmí yíjú padà. "Èdè wo nìyẹn nínú ṣọ́ọ̀bù mi?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú fáìlì náà tí kì í ṣe ti Pẹ̀lúmi. Àǹtí Fọláyẹmí ló ń bá ilé ìwòsàn ojú kan ní Ugbowo fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán àwọn aláìsàn létí ọjọ́ tí wọ́n máa rí dókítà. Màmá Gbéminíyì tó ń ránṣọ wà lára wọn. Nígbà tí Àǹtí rí i pé Pẹ̀lúmi ṣeé fọkàn tán, ó fa iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, ó sì fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ aṣínà gígùn kan. Ẹni tó bá ní in lọ́wọ́ lè rí nọ́ńbà gbogbo àwọn aláìsàn, ó sì lè fi orúkọ ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sí wọn.

"Inú fáìlì rẹ ni kó máa gbé," ni Àǹtí kìlọ̀ fún un. "Fún un lórúkọ níbẹ̀, kí kọ̀ǹpútà máa pè é fúnra rẹ̀. Má kọ ọ́ síbòmíràn, má sì fi han ẹnikẹ́ni."

Pẹ̀lúmi wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà káàkiri Benin. Ó ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gbé e síbẹ̀. Ìyìn ń rọ̀ bí òjò. Àfi ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Láolú, tó ń gbé ní Ekosodin, ló kọ ọ́ pé: "Irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ló ṣe é fún ọ. Bí o bá dá ara rẹ lójú, gbé fáìlì náà jáde ká rí i."

Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣẹ̀fẹ̀. Inú bí Pẹ̀lúmi. Òun gan-an ni àkọ́bí ìyá rẹ̀. Níbo ni ẹ̀gbọ́n ti wá? Kò dúró wo ohun tó wà nínú fáìlì náà. Odidi rẹ̀ ló gbé jù sí àárín wọn. "Ó yá, ẹ kà á!"

Láolú túúbá, ìyìn sì tún dé. Orí Pẹ̀lúmi wú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ni nígbà tí ẹnìkan tí kò mọ̀ rí kọ̀wé sí i níkọ̀kọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ fáìlì yín. Ẹ yára."

Ó ṣí fáìlì náà. Kọ́kọ́rọ́ ilé ìwòsàn ló wà níbẹ̀ gbangba, tí gbogbo ayé ń wò. Ó pa fáìlì náà rẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ wéré. Ó gbé fóònù láti pe Àǹtí Fọláyẹmí, ó tún gbé e sílẹ̀. "Bí mo bá sọ, wọ́n á gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi," ló ń rò. "Mo sáà ti pa á rẹ́. Ta ló máa tún rí i?" Ó kó ìwé rẹ̀ jáde, ó sì ń ṣe bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ sí.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí gbogbo aláìsàn ilé ìwòsàn yẹn fi rí àtẹ̀jíṣẹ́ gbà lórúkọ ilé ìwòsàn pé ìjọba fẹ́ ran àwọn tójú ń dùn lọ́wọ́, kí wọ́n tẹ ibì kan nínú rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́, owó wọn ní báńkì ṣí lọ. Pẹ̀lúmi wà ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ìpè ilé ìwòsàn wọlé.

"Dókítà, mi ò ta kọ́kọ́rọ́ yín fún ẹnikẹ́ni," ni Àǹtí Fọláyẹmí ń sọ. "Mi ò lè ṣe irú ẹ̀ láé." Nígbà tó sọ fóònù sílẹ̀, ó bojú wo Pẹ̀lúmi. "Ṣé o fi kọ́kọ́rọ́ yẹn han ẹnikẹ́ni?"

"Rárá, mà."

"Mo mọ̀. Mo kàn ní kí n bi ọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Pẹ̀lúmi ju ẹgba lọ, síbẹ̀ ó yíjú padà sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àǹtí pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Gbéminíyì wá sílé ìwé pẹ̀lú ojú tó wú. Nígbà ìsinmi, ó jókòó ti Pẹ̀lúmi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Mọ́mì, Ìbàdàn ló ti ń wá. Wọ́n yí ọjọ́ rẹ̀ padà sí Ọjọ́rú, ilé ìwòsàn sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Mọ́mì ní àwọn olè yẹn ló tún dé, ni Mọ́mì bá pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́. Dókítà ti wá, ó ti lọ. Ó di ìgbà ọyẹ́ kó tó padà. Wọ́n sì ní nínú irú àìsàn yìí, ibi tí ojú bá ṣókùnkùn dé, kì í tún mọ́lẹ̀ mọ́." Ó fi apá aṣọ nu ojú. "Ẹni tó ṣe é, Ọlọ́run á dá a lẹ́jọ́."

Búrẹ́dì tó wà lẹ́nu Pẹ̀lúmi di iyanrìn.

Bí wọ́n ṣe jáde nílé ìwé, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ tààrà sí Uwasota, ó kúnlẹ̀ síwájú Àǹtí Fọláyẹmí, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́.

"Ìgbà wo lo mọ̀?" ni Àǹtí béèrè.

"Ọjọ́ tí mo gbé e síta gan-an ni, mà."

"Àṣìṣe yẹn," ni Àǹtí wí, "kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ yìí tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí. Ká ní o pè mí lọ́jọ́ náà ni, ká tó pajú pẹ́ ni mi ò bá ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ yẹn, olè ì bá bá ilẹ̀kùn ní títì. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. O rí iná, o sì lọ sùn, Pẹ̀lúmi." Ó mú gèlè rẹ̀. "Dìde. À ń lọ sí ilé ìwòsàn."

Dókítà Ọláyínká tó ni ilé ìwòsàn náà gbọ́ ọ délẹ̀. Kò pariwo. "Mo ti fẹ̀sùn kàn yín láìtọ́, ẹ má bínú," ló sọ fún Àǹtí Fọláyẹmí. "Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé àwọn aláìsàn wa kò gba àtẹ̀jíṣẹ́ wa gbọ́ mọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n, mà," ni Pẹ̀lúmi wí. "Wọ́n á gbọ́ ohùn èèyàn."

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ilé ìwé dé, á jókòó sí ilé ìwòsàn, á máa pe àwọn èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ káàsán, mà. Olúwapẹ̀lúmi lorúkọ mi. Àìfiyèsí mi ló jẹ́ kí olè rí nọ́ńbà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Ọjọ́ tí dókítà máa rí yín rè é." Àwọn kan súre fún un. Bàbá kan já fóònù mọ́ ọn létí. Obìnrin kan pariwo, "So na you!" ó sì bú u títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹ jọ̀ọ́, mà, nìkan ni Pẹ̀lúmi ń wí.

Ní ti Màmá Gbéminíyì, kò pè é. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi lọ. Obìnrin náà fetí sílẹ̀, ó yí ojú sí ibi tí ohùn ti ń wá.

"Mo ti gbọ́," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n o wá. Gbéminíyì, gbé àga fún un."

Gbéminíyì gbé àga náà wá, ó gbé e kalẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Kò jáde títí Pẹ̀lúmi fi lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pẹ̀lúmi, ó lọ jókòó sí àga mìíràn ní kíláàsì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣì. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹlòmíràn bá fi pamọ́ sọ́wọ́ yín, ẹ má torí ìyìn gbé e síta; bó bá sì ti bọ́, ẹ tètè ké. Ẹni tó jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, ìbáwí nìkan ló máa gbà. Ẹni tó bá pa ẹnu mọ́, ẹlòmíràn ló máa san án fún un, ẹ̀bẹ̀ kò sì lè dá gbogbo rẹ̀ padà.