Nọ́ńbà Kẹta Nínú Ilé Ìyá Ọkọ Mi

Ìwọ tó ń ka èyí, mo bẹ̀ ọ́: má ṣe sọ ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ lórí fóònù títí wàá fi mọ ẹni tó gbé e dájú. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Nídìí ẹ̀rọ léèsì ni mo ti kọ́ṣẹ́, wọ́n sì ti ilé-iṣẹ́ wa pa nígbà tí Jámánì méjèèjì di ọ̀kan. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, fojú fò ó.

Ọjọ́ tí Ortwin Lenk wá fa wáyà fóònù tuntun tí wọ́n ń pè ní ISDN sí ilé wa ni mo kọ́kọ́ rí i. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lu. Mo rí i, òun náà sì rí i pé mo rí i. Ojú tì í. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Yàrá tí Reiner ọkọ mi kú sí ni mo sọ di ibi iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ni mo fi ń ya àwọn òdòdó tí ẹ̀rọ máa rán sára aṣọ fèrèsé. Àwọn oníbàárà mi ní Stuttgart ní àwọn ò gba iṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ mọ́; íńtánẹ́ẹ̀tì ni àwọn ń fẹ́. Mo ra módẹ́ẹ̀mù, ẹ̀rọ tó ń gba wáyà fóònù wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ bó bá ti bẹ̀rẹ̀ ariwo rẹ̀, fóònù ilé á kú. Hertha, ìyá ọkọ mi, á figbe ta.

"Annerose! Ẹ̀rọ rẹ tún ti gbé fóònù mi mì! Bí àbúrò mi bá kú ńkọ́, báwo ni mo ṣe máa gbọ́?"

"Ìyá, ẹ ní sùúrù, ó máa tó parí."

"Ikú kì í ní sùúrù."

Ìdí tí mo fi ń wá ISDN nìyẹn. Wáyà kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ló wà nínú rẹ̀. Íńtánẹ́ẹ̀tì á gba ọ̀kan, èèyàn á máa sọ̀rọ̀ lórí èkejì. Mo bẹ Ìyá títí kó tó gbà, nítorí òun ló nilé, òun ló lògiri.

Ihò kan péré ló kù tí Ortwin fẹ́ lu nígbà tí ọ̀gbẹ́ni Popp, aládùúgbò wa, bẹ̀rẹ̀ sí í gbá fèrèsé.

"Agogo kan ti lù! Ìsinmi ọ̀sán! Ṣé inú igbó la wà ni?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ihò kan péré ni."

"Ihò kan náà, ihò ni! Ó di agogo mẹ́ta!"

Ní abúlé wa, ẹnikẹ́ni kì í lu ìṣó láàárín àkókò yẹn. Ortwin gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ni mo lè ṣe? Mo se kọfí, mo gé kéèkì ápù. Ó jókòó sí ilé ìdáná wa, ó ká ẹsẹ̀ tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lu sẹ́yìn ìkejì.

"Ìyàwó yín ò ní máa retí yín?" Ìyá bi í.

"Mi ò níyàwó mọ́, màmá. Ó fi mí sílẹ̀."

"Kò yà mí lẹ́nu. Wo ìbọ̀sẹ̀."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu mi. Mi ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí Reiner ti lọ. Ortwin wò mí. Ọkàn mi là gààràgà, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nígbà tó parí iṣẹ́, ó fi àpótí kékeré tó so mọ́ ògiri hàn mí.

"Nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n fún yín. Ọ̀kan fún iṣẹ́ yín, ọ̀kan fún màmá. Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Mi ò mọ ohun tí mo máa fi ṣe."

"Màá jẹ́ kó máa dún nínú yàrá yín nìkan," ó wí jẹ́ẹ́. "Ó lè wúlò."

Ó pe nọ́ńbà kẹta lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá wáyà ń ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́. Ó tún pè lọ́jọ́ kẹta, wáyà yẹn náà ló tún béèrè.

"Ọ̀gbẹ́ni Lenk," mo wí, "wáyà yìí ò ní àìsàn kankan. Ẹ má fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Annerose ni mí."

Ó ní: "Annerose, àyànfẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa pè ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn síbí nítorí mi ò sọ ọ́ fún un rí. Iṣẹ́ mi á máa gba ọ̀nà kan lọ sí Stuttgart, ohùn rẹ̀ á máa gba èkejì wọlé.

Ìyá kò sùn, ó ń fetí sílẹ̀.

"Opó tó ń rẹ́rìn-ín fún ògiri, dókítà ló yẹ kó rí i," ó wí nídìí oúnjẹ. Ó wá gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Ọmọ mi ló yẹ kó jogún ilé yìí. Ọkùnrin míì ò ní wọ̀ ọ́. Bó o bá lọ, ta ni yóò sin mí? O fẹ́ kí wọ́n bá òkú mi lórí àtẹ̀gùn?"

Mo kó àwo.

Kò pẹ́ ni ilé-iṣẹ́ Ortwin ní àwọn máa gbé e lọ sí ìlú kan ní àríwá, létí òkun.

"Bá mi lọ," ó wí. "Wáyà wà níbẹ̀ náà, iṣẹ́ rẹ á tẹ̀ lé ọ. Rò ó. Màá pè ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Bó o bá gbà, màá sọ ọkọ̀ ojú irin tá a máa wọ̀. Bó ò bá gbà, mi ò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ láé."

Mo ti gbà nínú ọkàn mi. Ẹnu mi ni kò gbà.

Lọ́jọ́bọ̀, àrá sán, iná lọ. Nígbà tí iná dé, àpótí ara ògiri ti gbàgbé gbogbo ohun tí Ortwin kọ́ ọ. Mi ò mọ̀. Nọ́ńbà yòówù tí wọ́n bá pè, gbogbo fóònù ilé ló ń dún.

Ọjọ́ Ẹtì, mo ń ká aṣọ lórí okùn lẹ́yìn ilé nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ó ń dún ní yàrá mi. Ó ń dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo sáré.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá gbé fóònù kì í kí ẹni tó pè. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ló máa ń sọ.

"Gerbeth," Ìyá wí.

Gerbeth ni èmi náà ń jẹ́. Ohùn wa sì jọra. Àbúrò rẹ̀ pàápàá máa ń fi mí pè é.

Mo dé ẹnu ọ̀nà. Ó kẹ̀yìn sí mi. Ó ń gbọ́. Ó gbọ́ ọ pẹ́. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó wá sọ nǹkan kan, díẹ̀ báyìí, wúyẹ́wúyẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

"Ìyá, ta ni?"

"Wọ́n ṣi nọ́ńbà pè."

Fóònù náà ò dún fún mi mọ́.

Mo pe ibi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kì í sọ ibi tí òṣìṣẹ́ àwọn ń gbé. Mo wá Lenk rí nínú ìwé fóònù ìlú etí òkun náà. Mo pè é. Obìnrin ló gbé e.

"Lenk," ó wí.

Ìyàwó ni? Ẹ̀gbọ́n ni? Ìyá rẹ̀ ni? Orúkọ yẹn nìkan ni, bí a ṣe ń ṣe. Mi ò lè béèrè. Mo gbé fóònù sílẹ̀.

Ìyá ti dùbúlẹ̀ àìsàn báyìí. Èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ. Lánàá, mo gbé ṣíbí dúró.

"Ìyá, mi ò bínú. Kí ni ẹ dá Ortwin lóhùn lọ́jọ́ Ẹtì yẹn?"

"Ọbẹ̀ yìí ò níyọ̀."

"Màá fi iyọ̀ sí i. Ṣé ẹ ní mo gbà ni? Ṣé ó lọ dúró dè mí ní ibùdó ọkọ̀? Ìyẹn nìkan ni kẹ́ ẹ sọ fún mi."

Ó wo ojú mi dáadáa. Omi wà lójú tirẹ̀ náà. Ó yíjú sí ògiri.

"Gbé ọbẹ̀ yẹn lọ, Annerose. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́."