Bàbá Mi, Ẹ Má Wọkọ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ní gúúsù, ṣùgbọ́n mo ṣì ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ òkun kan. Ó dún gbòòò, ó lọ kọlu òkè yìnyín, ó sì padà wá bá wa létí òkun ní Mittimatalik, ìlú wa.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà náà. Àwọn àlejò ń fi ọkọ̀ rọ́bà lọ wọ ọkọ̀ ńlá tí yóò gbé wọn lọ wo òpin àríwá. Wọ́n ti gba èmi àti Tuumasi ọ̀rẹ́ mi láti máa ṣe ògbufọ̀ fún wọn.

Ìyá àgbà di ọwọ́ aṣọ mi mú. "Bàbá mi, ẹ má wọkọ̀ yẹn."

Akumalik, orúkọ bàbá rẹ̀, ni wọ́n sọ mí. Nínú àṣà wa, láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà ni mo ti di bàbá fún un. Ikọ́ ife ló mú bàbá yẹn tí ọkọ̀ àwọn dókítà fi gbé e lọ sí gúúsù. Kò padà, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

"Màmá, ọkọ̀ ìgbafẹ́ ni. Kò ní pẹ́ tí n ó fi dé."

"Bí ẹ ṣe wí nígbà yẹn náà nìyẹn."

Orí mi dàrú. Ta ló wí bẹ́ẹ̀, èmi àbí òkú?

Tuumasi kígbe látinú ọkọ̀ rọ́bà: "Akumalik! Ṣé o ń bọ̀ ni, àbí kí wọ́n pọ̀n ẹ́ wá?"

"Panu ẹ dé, aláṣejù!"

Ẹ̀rín àwọn èèyàn ló lé mi wọkọ̀. N kò dá ìyá àgbà lóhùn.

Nígbà tí a dé Aujuittuq, ìlú kan ní àríwá wa, mo bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ó ní, "Etí omi ni ìyá àgbà ń jókòó sí. Kò jẹun. Ó ní ọkọ̀ tún ti gbé bàbá òun lọ."

Ṣé kí n padà ni? Ṣé kí n máa lọ? Kò sí èyí tí ọkàn mi gbà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, ẹni tó ń rìnrìn-àjò ló mọ ibi tí òun dé. Ẹni tó kù sílé kò mọ nǹkan kan àfi ohun tí a bá ránṣẹ́ sọ fún un. Ẹ lọ o, ṣùgbọ́n ẹ má lọ láìdáni-lóhùn.

Mo ní kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ mi lórí rédíò ìlú wa, èyí tó máa ń wà ní títàn nínú gbogbo ilé:

"Ọmọ mi, èmi bàbá rẹ ni. Mo ti gúnlẹ̀. Mo ti jẹun, òtútù ò mú mi. Kúrò létí omi, wọlé lọ jẹun."