Ìpè Ọjọ́ Àlàmísì

Ọ̀sán ọjọ́ Àlàmísì ni fóònù màmá mi dún. Mò ń fọ aṣọ ìtẹ́dìí Jàmíù, àbúrò mi tí a bí lọ́jọ́ mẹ́wàá sẹ́yìn. Oorun ti gbé màmá mi lọ lórí ẹní, bàbá mi sì wà níbi iṣẹ́ bíríkìlà ní Free Zone, níbi tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá sí; òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wálé sí Ajá. Mo nu ọwọ́, mo gbé ìpè náà.

"Nọ́ọ̀sì ni o, láti ilé ìwòsàn. Ibùsùn tí ẹ ń retí ti ṣófo. Ẹ gbé Jàmíù wá lónìí, kí dókítà lè ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ lọ́la. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

Mo ní màmá mi ń sùn, pé màá sọ fún wọn. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ má tíì bú mi. Wọ́n bí Jàmíù pẹ̀lú ohun róbótó kan ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó tó àgbálùmọ̀ kékeré, awọ tó bò ó fẹ́lẹ́ débi pé omi inú rẹ̀ ń hàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kì í mira. Dókítà ti dárúkọ àìsàn náà fún màmá mi, sípáínà bífídà, ṣùgbọ́n ẹkún kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìyókù. Àwọn ará àdúgbò ní àlàyé tiwọn: màmá mi ló rìn lọ́sàn-án gangan pẹ̀lú oyún, ni nǹkan kan bá wọ ọmọ lára.

Èmi nìkan ni mo mọ bí nǹkan náà ṣe ráyè. Ìyá àgbà ti fi pínnì há etí ìró màmá mi kí ohun burúkú má bàa wọ oyún náà, wọ́n ní kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi bímọ. Nígbà tí oyún pé oṣù méje, ìkọ́ síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé mi já. Mo yọ pínnì náà lára ìró tí wọ́n sá sórí okùn, mo ní màá dá a padà tí mo bá dé. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni màmá mi ró ìró náà, tí wọ́n sì fẹsẹ̀ rin etí títì márosẹ̀ lọ sọ́jà.

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí Jàmíù, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ẹ̀rù á bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, pé ó mọ ohun tí mo ṣe. Ìyá àgbà tún wá sọ pé bí ọ̀bẹ bá kan irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ibi tó ti wá ló ń padà sí. Mo rò ó pé bí Jàmíù bá kú sábẹ́ ọ̀bẹ, èmi ni mo pa á. Mo bá pa ìpè náà rẹ́ lórí fóònù.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbọ́ fóònù tí kò dún. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, aṣọ tí a fi bo ẹ̀yìn Jàmíù ti rin fún omi, ara rẹ̀ gbóná, kò sì mu ọmú mọ́. A fò sínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, a gbé e dé ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì wo orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. "A pè yín ní Àlàmísì, mà. Ọmọbìnrin kan ló gbé e. A retí yín títí ilẹ̀ fi ṣú kí a tó fi ọmọ mìíràn sórí ibùsùn náà."

Màmá mi yíjú sí mi. Wọn ò nà mí. Ká ní wọ́n nà mí ni, ì bá sàn fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo ka gbogbo rẹ̀, ti pínnì àti ti ìpè.

Dókítà Ọdúnjọ, obìnrin tó ń tọ́jú Jàmíù, jókòó tì mí lẹ́yìn náà. Wọ́n ní eegun ẹ̀yìn ọmọ máa ń pa dé kí oyún tó pé oṣù kan, nígbà tí ìyá fúnra rẹ̀ lè má tíì mọ̀ pé òun lóyún. Ti Jàmíù ni kò pa dé. Wọ́n bi mí pé oṣù kelòó ni mo yọ pínnì. Mo ní oṣù keje.

"Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú," ni wọ́n wí. "Ìwọ kọ́. Ìyá rẹ náà kọ́."

Mo sunkún títí. Nígbà tó yá, mo béèrè pé ibà yìí ńkọ́.

Wọ́n ní, "Kòkòrò ló gba ojú ibẹ̀ wọlé nígbà tí awọ ya. Ká ní a ti rán an pa lọ́jọ́ Jímọ̀, bóyá kì bá rí bẹ́ẹ̀. N ò ní purọ́ fún ọ."

Oṣù méjì ni Jàmíù lò níbẹ̀. Wọ́n rán ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí omi tún ń pọ̀ nínú orí rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín síbẹ̀, kó máa fa omi náà lọ sí ikùn. Dókítà ní omi máa ń dá sí ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lórí, ibà ì báà má sí. N kò lè mọ̀ láéláé èwo ni tèmi níbẹ̀.

Jàmíù ti pé ọmọ ọdún márùn-ún báyìí. Orí àga oníkẹ̀kẹ́ ló ń gbé lọ sílé ìwé, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin la sì ń fi rọ́bà gba ìtọ̀ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú ju ti gbogbo wa lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fọwọ́ kan àpá orí rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, kí ló ṣe mí níbí?"

Mo lè sọ pé iṣẹ́ dókítà ni, kí n sì gba ibẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé wọ́n pè wá nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ẹ̀rù bà mí, n kò jíṣẹ́, àìsàn sì mú un.

Ó ní, "Tí wọ́n bá tún pè ńkọ́?"

"Màá sọ fún Mọ́mì."

"Kíákíá?"

"Kíákíá."

Ó na ọwọ́ méjèèjì kí n gbé òun, ebi ń pa á.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀rù ohun tí n kò ṣe ló tì mí dé ibi ohun tí mo ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá ń dẹ́rù bà yín, ẹ tètè wá ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ bi í. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ ní í bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, tara ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá ló bá mi dákẹ́.