Ẹni Tí Kò Lu Akàn

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ dìde o! Akàn ti dé!"

Bí Arógunmásàá bá ti pariwo báyìí, kíá ni ìyá rẹ̀ máa fi maṣíìnì ìránṣọ sílẹ̀, á kó ìrọ̀rí jọ sẹ́yìn Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, á sì gbé e jókòó. Ẹ̀gbọ́n á máa kérora, á sì máa rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà ni. Orí pákó tí wọ́n ń dúró lé mọ ògiri ló ti já bọ́ níbi iṣẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bàjẹ́. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé kó má ṣe máa dùbúlẹ̀ ṣáá, kí àyà rẹ̀ má baà dí. Ṣùgbọ́n ìjókòó ń dùn ún wọ egungun. Bẹ̀ ẹ́ títí, kò ní í dìde. Géèmù orí fóònù tí Akàn wà nínú rẹ̀ yìí nìkan ló ń gbé e dìde, gbogbo ilé ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òun ló kọ́ àbúrò rẹ̀ ní géèmù náà. Òun náà ló sọ ọ́ ní Arógunmásàá, ọmọ tí aáyán lásán ń lé gun orí àga. Ẹni mẹ́rin ló ń para pọ̀ bá Akàn Onírin, ọ̀gá àwọn ọ̀tá, jà, kálukú láti orí fóònù tirẹ̀: àwọn méjèèjì, pẹ̀lú Ọ̀gágun àti Ẹlẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ Arógunmásàá nílé ìwé. Àwọn mẹ́ta ń fi idà ṣá Akàn. Ẹ̀yìn ni Bọ̀ọ̀dá máa ń dúró sí ní tirẹ̀, á máa da omi ìwòsàn sí ẹni tó bá fara gbọgbẹ́. Bí ìjà bá parí, géèmù á fi iye tí kálukú lu Akàn hàn. Òdo ni ti Bọ̀ọ̀dá nígbà gbogbo.

"Òdo tún ni!" Ọ̀gágun sọ ní kíláàsì, lọ́jọ́ kejì tí Akàn tún borí wọn. "Díẹ̀ báyìí ló kù ká pa á. Ẹ̀gbọ́n ẹ kàn ń fi omi ṣeré ni. Ẹ jẹ́ ká fi Mànàmáná rọ́pò ẹ̀. Ọmọ yẹn mọ̀ ọ́n lù!"

Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín. "Àbí Akàn ni ẹ̀gbọ́n ẹ fẹ́ wẹ̀ fún ni?"

Arógunmásàá mọ ohun tó yẹ kó sọ. Ó yẹ kó sọ pé géèmù yìí ló ń mú ẹ̀gbọ́n òun jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wọn tì í lójú. "Ó dáa," ló sọ. "Ẹ mú Mànàmáná."

Nígbà tó délé, Bọ̀ọ̀dá ti jókòó dè é, fóònù lọ́wọ́, òógùn lójú. "Géèmù ní ẹgbẹ́ ti pé," ó wí. "Ṣé kì í ṣe pé fóònù mi ló bàjẹ́?"

"Àwọn tó dáa jù la fẹ́ mú, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin kì í lù ú."

Ẹyin lohùn. Bọ̀ọ̀dá wò ó, ó mi orí. "Òótọ́ ni," ó dáhùn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kó ìrọ̀rí kúrò, kí n dùbúlẹ̀."

Arógunmásàá gbé fóònù bọ́ sẹ́yìnkùlé, ìjà bẹ̀rẹ̀. Mànàmáná lu Akàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Akàn náà ń lù wọ́n, kò sì sí ẹni tó da omi sí ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n tó mọ̀, gbogbo wọn ti ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Ìgbà yẹn ló yé e pé ẹni tí wọ́n ń pè ní òdo ló ń mú wọn dúró.

Ó sáré wọlé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ dìde, Akàn ti dé."

Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kọjú sí ògiri. "Inú ò bí mi. Ó rẹ̀ mí ni. Tó bá dọ̀la."

Ó ń pè é lójoojúmọ́. Ọ̀la ni Bọ̀ọ̀dá ń dá. Kò pẹ́ tí ikọ́ fi wọlé, àyà rẹ̀ sì dí bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, kò padà wálé mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Arógunmásàá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fà á mọ́ra, àwọn méjèèjì sunkún títí.

"Ìṣubú ló pa á, ọmọ mi. Ìwọ kọ́." Ó fi etí ìró nu ojú. "Ṣùgbọ́n ohùn ẹ ló ń gbé e dìde."

Ìwọ tó ò ń ka ìtàn yìí, kó o tó yọ ẹnikẹ́ni kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ, kọ́kọ́ bèèrè ohun tó ń ṣe tí ẹnikẹ́ni ò kà sí. Má sì jẹ́ kí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ pa òótọ́ mọ́ ọ lẹ́nu. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Títí dòní, bí Arógunmásàá bá ṣí géèmù náà, á mú ẹni méjì mọ́ ara rẹ̀, á fi àyè Bọ̀ọ̀dá lẹ́yìn sílẹ̀. Géèmù kì í jẹ́ kó wọlé. Ohun kan náà ló máa ń kọ sí i lójú fóònù: "Ẹgbẹ́ kò tíì pé."