Àyè Tó Ṣófo Nínú Ìkànnì Ìṣirò

Ẹ̀rín ni Sénam kọ́kọ́ gbọ́, kó tó rí ẹni tó ń rín in. Omidan kan tí ṣọ́ọ̀kì ṣì funfun ní ìka rẹ̀ ló jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ilé ìkàwé ìlú Ho ní Gánà. Ìkànnì tí Sénam kó àwọn fídíò ẹ̀kọ́ ìṣirò jọ sí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀yin lẹ tò ó báyìí? Orúkọ ẹ̀kọ́ lẹ fi tò ó! Ọmọ tí nǹkan ò yé, ṣé ó mọ orúkọ ohun tí ò yé e ni?"

Ó dun Sénam, àmọ́ òótọ́ ni. Tíṣà ìṣirò ni omidan náà, Dzigbodi ni orúkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un tò, wọ́n fi ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àṣìṣe tó ń gbé ọmọ débẹ̀: "Mo gbàgbé láti yí àmì padà." Àwọn ọmọ ya bò ó. Kí wọ́n tó to àṣìṣe àwọn ọmọ tán, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára pátápátá.

Nígbà tí àwọn ẹbí Sénam gbé ọtí lọ kanlẹ̀kùn láti tọrọ Dzigbodi, bàbá Dzigbodi, Tíṣà Agbeko tó ti fẹ̀yìn tì, ti ìgò náà padà.

"Ẹni tó fi fídíò orí fóònù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ tíṣà ò ní fi ọtí gba ọmọ lọ́wọ́ mi!"

Dzigbodi sunkún. "Olólùfẹ́ mi, bí Bàbá ò bá mu ọtí yẹn, mi ò lè fẹ́ ẹ."

Àyè kan ṣì ṣófo lórí ìkànnì náà: pípín ìdá. Gbogbo fídíò tí wọ́n wò ló dojú rú.

"Bàbá nìkan ló mọ̀ ọ́n kọ́," Dzigbodi sọ.

"Ṣé kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Kọ ọ́!"

Sénam kọ ọ́ síbẹ̀: "Ẹ lọ bá Tíṣà Agbeko nílé." Ní Sátidé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá kún fọ́fọ́. Ó kọ́kọ́ jágbe mọ́ wọn. Nígbà tó yá, ó ní kí wọ́n ra abolo, búrẹ́dì àgbàdo, wá, ó sì mú ọ̀bẹ.

"Ìdajì abolo nìyí. Ìdámẹ́rin mélòó ló wà nínú ẹ̀?"

"Méjì!"

Inú bàbá dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe Sénam. "Ìwọ ọmọ yìí, fóònù ẹ dà? Wá fi ká ẹ̀kọ́ mi sílẹ̀. Àbí àwọn ọmọ ìlú Hohoe lọ́hùn-ún ò fẹ́ mọ̀ ọ́n ni?"

Wọ́n tún gbé ọtí wá. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá bi ọmọ rẹ̀ bóyá kí àwọn mu ún.

"Ẹ mu ún, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu ún!"

Bàbá da ọtí sí ife, ó wo Sénam. "Àna mi, abẹ́ àṣìṣe wo lo máa to tèmi sí?"

"A ti pa á rẹ́, Bàbá."

Dzigbodi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ilé ìkàwé yẹn gan-an. Bàbá gbé ife sẹ́nu, ó sì mu ún tán.