Èèpo Ìwọ̀n Ìka Mẹ́ta

Wassiou ló bó èèpo igi ọ̀gànwó Ìyá Àṣàkẹ́ yí ká, òun náà ló sì purọ́ mọ́ Saïd, Fílàní darandaran. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò bá pè ní orúkọ rẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ni yóò máa wá jẹ́.

Ààlà oko Wassiou ni igi náà wà, ní abúlé kan lẹ́bàá Goro. Èèpo rẹ̀ ni Ìyá Àṣàkẹ́ fi ń tọ́jú ibà àwọn ọmọ abúlé, ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì, láìgba nǹkan kan. Bí ìyá náà bá fẹ́ bó o, ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò bó, yóò fi ìyókù sílẹ̀ kí ọgbẹ́ náà lè jinná. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé igi tí a bá bó yí ká, a ti pa á nìyẹn. Wassiou náà mọ̀. Ìbòòji igi náà ló ń bo àwọn kajú tuntun tí ó gbìn, ó sì fẹ́ kí igi náà kú wẹ́rẹ́.

Nígbà tí àwọn ará abúlé bi í léèrè, ó ní ṣebí àwọn Fílàní ló máa ń gé ọ̀gànwó fún màlúù jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lé Saïd, ẹni tí ó ti ń da ẹran lórí ilẹ̀ wọn láti kékeré. Saïd kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó wo Wassiou lójú, ó kó màlúù rẹ̀, ó gba ọ̀nà Bétérou lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Wassiou wọ ṣòkòtò, ó rí i pé okùn rẹ̀ fún jù. Ó tú okùn. Fífún náà kò tú. Ó bọ́ ṣòkòtò sílẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ ohun kan dì í ní ìbàdí gírígírí, bí ẹni pé ẹnìkan dúró lẹ́yìn rẹ̀ tí ó ń fa okùn.

Kò pẹ́, awọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, ó le, ó sì ń là. Gbígbẹ náà ń fà bọ̀ síwájú láti ọ̀tún àti láti òsì. Rafiatou ìyàwó rẹ̀ fi òrí pa á. Òrí náà jókòó sórí awọ bí omi lórí ewé kókò. Oògùn tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà ebè iṣu dé, kò lè tẹ̀ ba. Ohun tí ó sì ń dẹ́rù bà á jù ni ọjọ́ tí orí méjèèjì gbígbẹ náà yóò pàdé níwájú ikùn rẹ̀. Ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí igi nígbà náà.

Rafiatou fà á lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àṣàkẹ́. Ìyá wo ara rẹ̀, ó mi orí.

"Ọmọ mi, èèpo ọ̀gànwó ni ìbá ràn ọ́ lọ́wọ́. Ìwọ náà sì mọ ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí."

Wassiou wo ilẹ̀. Ó ní òun mọ̀.

Nígbà tí kajú gbó, ó gbé èyí tí ó ká lára àwọn igi rẹ̀ àtijọ́ lọ sí Tchaourou, sí màgásánì, ilé ìkẹ́rù ará Íńdíà kan tí ń ra kajú, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Patron, ìyẹn Ọ̀gá. Patron kò sí nítòsí. Inú màgásánì dákẹ́, ó sì tutù ju bí ó ti yẹ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Bàbá arúgbó kan, ará Íńdíà, jókòó sórí àpò kajú nínú aṣọ funfun. Ó na ọwọ́. Wassiou rò pé ó fẹ́ kí òun ni, ó na ọwọ́ tirẹ̀ sí i. Bàbá náà gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi ìka mẹ́ta lé ibi tí iṣan ti ń lù, ó dijú. Ìka náà le, ó rí ṣákaṣàka bí èèpo igi.

"Ó ku ìka mẹ́ta," ni bàbá náà wí. Nàgó, èdè wa, ló fi sọ ọ́, Nàgó àwọn àgbà, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ kò sọ mọ́.

"Bàbá, kí ló ku ìka mẹ́ta?"

"Ohun tí o ṣe kò rìn jìnnà. Ara rẹ ló wà. Lọ wo ọgbẹ́ tí o dá, kí a tó wo tìrẹ."

Ọkọ̀ kan dún níta, Wassiou yí ojú. Nígbà tí yóò fi wo ẹ̀yìn, àpò nìkan ló kù. Eruku orí rẹ̀ pé pérépéré, kò sí ibi tí ìdí ènìyàn tẹ̀ níbẹ̀.

Patron wọlé, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín. "Tonton, ẹ̀gbọ́n mi, oòrùn ló pa yín." Ṣùgbọ́n nígbà tí Wassiou fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ hàn án, ẹ̀rín náà kú. Ó ní bàbá òun ń ṣe ìwòsàn àtijọ́ ti ilẹ̀ àwọn, tí wọ́n ń pè ní Ayọ́véda. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe máa ń di ọwọ́ aláìsàn mú, yóò bi í léèrè ohun tí ó jẹ, bí ó ṣe sùn, àti ẹni tí ó ṣẹ̀. Kámà ni wọ́n ń pe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn lọ́dọ̀ wọn: o lè gbìn ín sínú oko ẹlòmíràn, ara rẹ ni yóò ti hù.

"Bàbá mi ti kú nílé kí n tó mọ ilẹ̀ yìí," Patron sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Kò sì gbọ́ Nàgó rí."

Wassiou gbé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ símú. Ó ń rùn bí èèpo ọ̀gànwó tútù.

Kò dé ilé, ìdí igi ló gbà lọ tààrà. Ewé òkè ti ń pọ́n. Ó yí igi ká, ó fa ìtàkùn kan sẹ́yìn, ó sì rí èèpo tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àdá rẹ̀ kò dé. Ó fi ọwọ́ wọ̀n ọ́: ìka mẹ́ta. Ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó wọn awọ dídán tí ó kù lábẹ́ ìdodo rẹ̀. Ìka mẹ́ta. Ó tún gbé ọwọ́ lé èèpo náà. Ó gbóná, ó sì ń lù bí iṣan.

Ó gun alùpùpù lọ sí Bétérou. Ó bá Saïd nídìí màlúù, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́. Saïd kò dá iṣẹ́ dúró.

"Mo rí ọ lọ́jọ́ tí o ń bó o," ni ó wí.

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ta ni ìbá gba Fílàní gbọ́?"

Saïd wá ní amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù ni a fi ń dí ọgbẹ́ igi, bí èèpo kékeré bá ṣì kù, igi lè yè. "Ìgbẹ́ kò wọ́n wa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí màlúù mi ti ń yà á sílẹ̀ dè ọ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n n kò ní wọ abúlé yín bí olè. Kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú gbogbo wọn."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, gbogbo abúlé pé sábẹ́ igi náà. Ìyá Àṣàkẹ́ jókòó sórí àpótí rẹ̀. Saïd dúró lókèèrè pẹ̀lú àpò ìgbẹ́ màlúù. Wassiou bọ́ ẹ̀wù kí wọ́n lè rí ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará mi, èmi ni mo bó igi yìí. Ohun tí mo ṣe sí i ni ẹ ń wò lára mi yìí. Ìyá, ẹ dárí jì mí. Ọmọ yín ni mo jẹ́, mo sì fi oògùn gbogbo ilé ṣòfò." Ó wá ojú Saïd lókèèrè lẹ́yìn èrò. Bí ó ti fẹ́ pe orúkọ náà, ohun tí ó dì í ní ìbàdí dẹ̀ díẹ̀, èémí sì wọ ikùn rẹ̀ lọ títí dé ìsàlẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó ti purọ́. "Mo purọ́ mọ́ Saïd, ẹ sì gbà mí gbọ́ nítorí pé ọmọ abúlé ni mí. Saïd, mo bẹ̀ ọ́ lójú gbogbo wọn, dárí jì mí. Kì í ṣe ìwọ. Èmi ni."